Ààlà Ló Bí Ẹ̀yà: Odò Rhine, Òṣogbo àti Zuba Nínú Ẹ̀kọ́ Ìtàn

Ìfáàrà

Ogun ààlà ni ogun tí ìjọba ńlá kan ń jà ní ìpẹ̀kun ilẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú àwọn tí apá rẹ̀ kò tíì ká. Èyí tí ìwé pọ̀ lórí rẹ̀ jù lọ láyé ni ogun tí Róòmù bá àwọn ẹ̀yà Jámánì jà ní etí odò Rhine àti odò Danube. Ó bẹ̀rẹ̀ kí a tó bí Jésù, kò sì tán nílẹ̀ títí ìjọba Róòmù ti ìwọ̀-oòrùn fi wó ní 476. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí olùkọ́ ìtàn ní Nàìjíríà máa wo ogun yìí bí ẹni ń wo ìran ẹlòmíràn. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ìjọba Sókótó náà ní ààlà ní gúúsù, ààlà náà sì gba ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a wà níbí ń pè ní ilé kọjá. Ó gba Òṣogbo àti Ọ̀fà kọjá. Ó gba Zuba kọjá pẹ̀lú, ní agbègbè olú-ìlú yìí kan náà tí Galadimawa wà, níbi tí a ti ń ṣe àpérò yìí.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Nínú kíláàsì, a máa ń kọ́ ogun ààlà bí ẹni pé ẹ̀yà méjì ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀, tí wọ́n wá pàdé lójú ọ̀nà, tí wọ́n sì wọ̀yá ìjà. Róòmù bá Jámánì jà. Fúlàní bá Yorùbá jà. Ó parí. Èrò tiwa ni pé irú ẹ̀kọ́ báyìí kò bá ohun tó ṣẹlẹ̀ mu. Lójú ààlà, àwọn tó ń jà mọ ara wọn dáadáa. Ẹlòmíràn nínú wọn ti bá ọ̀tá rẹ̀ jẹun nínú àwo kan náà rí. Orúkọ ẹ̀yà tí a fi ń pè wọ́n lónìí, inú ogun náà àti ẹ̀yìn rẹ̀ ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti fìdí múlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti inú ìwé nìkan. Láti bí 2009 ni a ti yọ ìtàn kúrò gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tó dá dúró nínú kọ̀ríkúlọ́ọ̀mù ilé-ìwé ìpìlẹ̀, ọdún púpọ̀ sì kọjá kí ó tó padà. Àwọn ọmọ tí wọ́n dàgbà láàárín àkókò náà ló ń wọlé wá kọ́ NCE lọ́dọ̀ wa báyìí. Ìtàn tí púpọ̀ nínú wọn mọ̀ nípa ogun Ìlọrin àti Ìbàdàn, orí WhatsApp ni wọ́n ti kà á, tàbí kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú nígbà ìbò. Àwọn náà ló máa dúró níwájú ọmọ ọdún mẹ́wàá lọ́la.

Ní etí odò Rhine

Ní ọdún 9 lẹ́yìn ìbí Jésù, gómìnà Róòmù kan tí ń jẹ́ Varus ń kó ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá mẹ́ta padà láti ìhà ìlà-oòrùn odò Rhine. Nọ́ńbà àwọn ẹgbẹ́ náà ni 17, 18 àti 19. Bí a bá ka àwọn ọmọ ogun ìrànwọ́ mọ́ wọn, wọ́n á tó 15,000 sí 20,000. Ọ̀nà tóóró ni wọ́n gbà, igbó àti òkè wà lápá kan, àbàtà wà lápá kejì, òjò sì ń rọ̀. Ibẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà Jámánì ká wọn mọ́, wọ́n sì fi ọjọ́ mélòó kan pa wọ́n run. Varus fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ara rẹ̀. Róòmù kò fi nọ́ńbà mẹ́ta wọ̀nyẹn pe ẹgbẹ́ ọmọ ogun kankan mọ́ títí ayé ìjọba náà fi parí. Ní Kalkriese, ní àríwá Jámánì, àwọn awalẹ̀pìtàn ti ń rí owó ẹyọ, ohun ìjà àti egungun àwọn tó kú níbi ogun kan tí ọ̀pọ̀ nínú wọn gbà pé òun náà ni, láti bí 1987 títí di ìsinsìnyí.

Ta ló ṣètò rẹ̀? Ẹni tí ń jẹ́ Arminius ni, ọmọ ìjòyè láàárín àwọn Cherusci. Ṣùgbọ́n ọmọ ogun Róòmù ni. Ó ti jẹ́ olórí àwọn ọmọ ogun ìrànwọ́ lábẹ́ àsíá Róòmù, wọ́n ti sọ ọ́ di ọmọ onílùú Róòmù, wọ́n sì ti fún un ní ipò àwọn ẹlẹ́ṣin ọlọ́lá. Ó máa ń jókòó ti Varus nídìí oúnjẹ. Ẹni tó ta Varus lólobó pé ọmọ yìí ń pète ibi kì í ṣe ará Róòmù. Segestes ni, ọmọ Cherusci bíi ti Arminius, òun náà ló sì wá di àna rẹ̀ láìfẹ́. Varus kò gbọ́.

Arminius ní arákùnrin kan tí Róòmù ń pè ní Flavus. Flavus kò kúrò lẹ́yìn Róòmù. Ojú rẹ̀ kan ti fọ́ sójú ogun níbi tó ti ń jà fún wọn. Ní ọdún 16, nígbà tí Germanicus padà wá gbẹ̀san, Tacitus tó kọ ìtàn náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn náà sọ pé tẹ̀gbọ́n tàbúrò yìí dúró ní bèbè odò Weser, ọ̀kan níhìn-ín, èkejì lọ́hùn-ún, wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ kọjá omi. Èyí kan ń ka ẹ̀bùn tí Róòmù fún un, èkejì ń dárúkọ ilẹ̀ bàbá wọn àti ìyá wọn. Nígbà tó yá, ó kù díẹ̀ kí wọ́n wọnú odò lọ jà. Thusnelda ìyàwó Arminius wà ní ìgbèkùn ní gbogbo àkókò yìí: Segestes bàbá rẹ̀ ló fà á lé Róòmù lọ́wọ́, pẹ̀lú oyún nínú. Ní ọdún 17, wọ́n mú un rìn láàárín ìgboro Róòmù pẹ̀lú ọmọkùnrin tó bí, Segestes sì wà láàárín àwọn tó jókòó tí ń wòran. Arminius fúnra rẹ̀, ọ̀tá kọ́ ló pa á. Àwọn ìbátan rẹ̀ ló pa á ní ọdún 21, nítorí wọ́n ní ó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ọba lé wọn lórí.

Ẹ jẹ́ ká bi ara wa léèrè: nínú gbogbo èyí, níbo gan-an ni ẹ̀yà kan ti bá ẹ̀yà kejì jà? Ìdílé kan ṣoṣo ni a kà yìí, ààlà sì ti gba àárín rẹ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ìgbà náà, Róòmù fìdí kalẹ̀ sí etí odò. Wọ́n kọ́ odi, wọ́n wa yàrà, wọ́n sì kọ́ ilé ìṣọ́ láti Rhine dé Danube, ó gùn tó bíi 550 kìlómítà. Ṣùgbọ́n odi náà kò dí ọjà lọ́wọ́. Màlúù, awọ àti ẹrú ń wọlé. Wáìnì, àwo àti owó ẹyọ ń jáde. Àwọn ọmọkùnrin òdìkejì ń wọlé wá gbaṣẹ́ ológun. Civilis tó dáná ọ̀tẹ̀ àwọn Batavi ní ọdún 69, iṣẹ́ ológun Róòmù ló kọ́ ọ ní ìjà. Alaric tó kó Róòmù fúnra rẹ̀ ní 410 ti gba oyè ológun lọ́wọ́ Róòmù rí. Láàárín méjèèjì, Marcus Aurelius lo púpọ̀ nínú ọdún tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ lójú ogun létí Danube, ẹnu iṣẹ́ náà ló sì kú sí ní 180.

Òṣogbo, 1840

Àwọn tó mọ ìtàn Ìlọrin yóò ti rí ibi tí a ń lọ. Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, ló kọ́kọ́ yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin. Òun ló pe Àlùfáà Alímì mọ́ra. Òun náà ló kó àwọn ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn jọ, tó sọ wọ́n di ọmọ ogun. Yorùbá ni Sọlágbẹ́rú tó kó àwọn Mùsùlùmí jọ sí Òkè Súnà. Nígbà tí agbára ogun tí Àfọ̀njá kó jọ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, òun náà ló pa á, ní nǹkan bí 1824. Abdulsalam ọmọ Alímì di Ẹ́míà, ó gba àsíá lábẹ́ Gwandu, Ìlọrin sì di ẹnubodè ìjọba Sókótó ní gúúsù. Ìyẹn ni pé kì í ṣe pé ààlà náà rìn láti Sókótó wá bá wa. Ọ̀gágun Ọ̀yọ́ ló kọ́ ọ sí ìdí ilé ara rẹ̀.

Ọ̀yọ́ Ilé tú ní nǹkan bí 1836, lẹ́yìn tí Aláàfin Olúẹ̀wù kú sógun Ẹlẹ́dùwẹ̀. Àwọn tó sá wá sí gúúsù ló kún Ìbàdàn, tó kún Ìjàyè, tó kún Òṣogbo. Ní 1840, Ẹ́míà Shita rán ogun sí Òṣogbo. Alí, ọmọ Haúsá, Balógun Gàmbàrí, ló ṣáájú. Ilé àárín igbó àti ọ̀dàn ni Òṣogbo. Bí Ìlọrin bá gbà á, ọ̀nà ìsàlẹ̀ ṣí sílẹ̀ fún wọn. Òṣogbo ja ìjà tirẹ̀ débi tí agbára rẹ̀ mọ, kí wọ́n tó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn. Olúyọ̀lé fi Balógun Ọdẹ́rìnlọ́ ránṣẹ́ pẹ̀lú ogun ńlá.

Bí Ọdẹ́rìnlọ́ ṣe jagun náà yẹ ní kíkọ́ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ lórí ilẹ̀ àti ohun ìjà. Ẹṣin ni agbára Ìlọrin. Ní gbangba ọ̀dàn, lójú mọmọ, kò sí ẹni tó lè dojú kọ ẹlẹ́ṣin kí ó rí i bá lọ. Ìbàdàn kò fún wọn ní gbangba, kò sì fún wọn ní ojúmọmọ. Òru ni wọ́n fi kọlù ibùdó Ìlọrin, nígbà tí ẹṣin wà lórí ìso tí ẹni tó ni ín sì wà lójú oorun. Ohun tí àbàtà àti òjò ṣe fún Arminius, òkùnkùn ló ṣe é fún Ìbàdàn. Ohun mìíràn tún wà tí àwa olùkọ́ kì í sábà mẹ́nu bà: ẹṣin kì í pẹ́ nínú igbó, nítorí eṣinṣin tí ń gbé àìsàn ibẹ̀ kiri máa ń pa á. Kódà bí Òṣogbo ìbá ṣubú, kò dájú pé ẹṣin Ìlọrin ìbá dé etí òkun.

Ìtàn àtẹnudẹ́nu Òṣogbo ní ọ̀nà mìíràn tó gbà sọ ọ́. Wọ́n ní Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀ ló di obìnrin tí ń ta ẹ̀fọ́, tó lọ tà á fún àwọn ọmọ ogun náà nínú ibùdó wọn, tí inú rírun sì dá wọn wó. Àwa kò rí ìdí tí ó fi yẹ kí a fọwọ́ rọ́ ìtàn yìí sẹ́yìn. Ó jẹ́rìí sí ohun kan tí àkọsílẹ̀ ọ̀gágun kì í sọ: àwọn obìnrin Òṣogbo ń bá ibùdó ọ̀tá ná ọjà. Ẹ wo ìyẹn kí ẹ wo ọjà etí odò Rhine.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan wá gan-an ni ọ̀rọ̀ àwọn tí Ìbàdàn mú lẹ́rú lóru ọjọ́ náà. Àlùfáà Samuel Johnson, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897, tí Obadiah àbúrò rẹ̀ sì tẹ̀ jáde ní 1921, dárúkọ àwọn èèyàn ńlá mẹ́rin nínú wọn: ọmọ Ẹ́míà kan, Jimbà tí í ṣe olórí ẹrú Ẹ́míà, Látéjú, àti Ajíkóbì, Balógun Yorùbá ti Ìlọrin. Àwọn ìjòyè Ìbàdàn tú méjì àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní ìdákọ́ńkọ́, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé wọn. Ọmọ ọ̀tá ni ọ̀kan, ẹrú ọ̀tá ni èkejì, wọ́n sì lọ láyọ̀. Wọ́n pa Látéjú ní Ìbàdàn. Ajíkóbì, nítorí ipò rẹ̀, wọ́n fi í ránṣẹ́ sí Aláàfin Àtìbà ní Ọ̀yọ́ kí ó lọ kú síbẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ àwọn méjèèjì ni pé ọmọ Yorùbá ni wọ́n, wọ́n sì wà lẹ́yìn Ìlọrin.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ka ibí yìí dáadáa yóò béèrè ìbéèrè méjì. Àkọ́kọ́: bí ogun Fúlàní àti Yorùbá bá ni èyí, kí ni Balógun Yorùbá ń ṣe nínú ibùdó Ìlọrin? Ìdáhùn rẹ̀ wà ní Ìlọrin títí di òní. Balógun mẹ́rin ni ìlú náà ní: Gàmbàrí, Fúlàní, Alánámù àti Ajíkóbì. Ti Haúsá ni èkínní, ti Fúlàní ni èkejì, ti Yorùbá sì ni méjì tó kù. Púpọ̀ nínú àwọn tó jagun fún Ìlọrin ń sọ èdè kan náà pẹ̀lú àwọn tí wọ́n wá gbógun tì.

Ìbéèrè kejì le jù. Bí ẹ̀yà kò bá jẹ́ nǹkan kan ní 1840, kí ló dé tí wọ́n fi dá ọmọ Ẹ́míà sílẹ̀ tí wọ́n sì pa Ajíkóbì? Àwọn akẹgbẹ́ wa tí kò gbà pẹ̀lú èrò wa máa ń gbé èyí síwájú, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Èsì wa ni pé òótọ́ ni pé ohun kan ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbí ni, kì í ṣe ogún láti ọ̀dọ̀ àwọn baba ńlá. Àwọn tó kún Ìbàdàn, ọmọ Ọ̀yọ́ tí ilé wọn tú ni púpọ̀ wọn. Ajíkóbì àti Látéjú kì í ṣe àjèjì lójú wọn. Ará ilé ni wọ́n, a kì í sì í dárí ji ará ilé bí a ti ń dárí ji àlejò. Ìdájọ́ ọ̀dàlẹ̀ ni wọ́n dá fún wọn, ẹnì kan kò sì lè dàlẹ̀ ibi tí kò ti wá. Segestes ìbá ti gba irú ìdájọ́ yìí bí ó bá bọ́ sọ́wọ́ Arminius. Ó sì yẹ kí a rántí pé àlùfáà Ọ̀yọ́ ló kọ ìtàn náà, ní àkókò tí orúkọ Yorùbá ti ń di orúkọ gbogbo wa. Ìwé tí àwọn àlùfáà Ìlọrin fi èdè Lárúbáwá kọ ní 1912 nípa ìtàn ìlú wọn kò gba ojú ọ̀nà tí Johnson gbà. Ní Rhine, ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun ló di gègé mú. Ní Òṣogbo, apá ẹni tó ṣẹ́gun ni ìwé tí gbogbo wa ń kà ti wá.

Bí ẹnikẹ́ni bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó ṣí ìwé dé 1 Oṣù Kọkànlá, 1878. Ní ọjọ́ náà, ní Ìkìrun, Ìlọrin tún wá. Àwọn tó tẹ̀ lé wọn wá ni Èkìtì, Ìjẹ̀ṣà àti Ìlá, nítorí pé Ìbàdàn tó gba Òṣogbo sílẹ̀ ti kọ́ ìjọba tirẹ̀, ó ti fi ajẹ́lẹ̀ sí ìlú wọn, ìyà ajẹ́lẹ̀ sì ti sú wọn. Lójú ará Èkìtì ní ọdún náà, Ìbàdàn ni Róòmù. Ìbàdàn ṣẹ́gun, àwọn ẹlẹ́ṣin Ìlọrin sá dé odò Ọ̀tìn, odò sì kún. Omi tí wọ́n já lù ló fún ogun náà lórúkọ tó ń jẹ́ di òní: Jálumi. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí ogun Kírìjí fi le, tí Èkìtìparapọ̀ àti Ìbàdàn wà lórí òkè fún ọdún púpọ̀, tí Ìlọrin sì ń gbá Ọ̀fà mú títí wọ́n fi gbà á ní 1887.

Zuba àti Abuja

Apá kejì ààlà náà ni a máa ń gbàgbé, àní àwa tí a ń gbé Abuja. Nígbà tí jìháàdì Usman dan Fodio dé Zazzau, Muhammad Makau, ọba Haúsá tó gbẹ̀yìn ní Zaria, sá sí gúúsù pẹ̀lú àwọn èèyàn rẹ̀. Zuba ni wọ́n fìdí kalẹ̀ sí, ní ilẹ̀ àwọn Koro àti Gbagyi. Makau kú ní 1825. Abu Ja àbúrò rẹ̀ gorí oyè, ó sì tẹ ìlú dó ní 1828. Ja ni pupa ní èdè Haúsá. Abu Pupa ni wọ́n ń pè é nítorí àwọ̀ rẹ̀, orúkọ rẹ̀ sì di orúkọ ìlú: Abuja. Ìlú náà mọ odi, ó sì dúró. Àwọn ẹ́míà Fúlàní Zaria kò rí i gbà. Ọwọ́ Sókótó kò tẹ̀ ẹ́ títí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi wọlé ní 1902.

Ẹ jẹ́ ká yẹ èyí wò pẹ̀lú ojú tí a fi wo Òṣogbo. Mùsùlùmí ni Makau. Mùsùlùmí ni àwọn tó lé e. Haúsá ni wọ́n ń sọ ní ààfin Zaria, Haúsá ni wọ́n ń sọ ní ààfin Abuja. Ẹni tí ó bá ń wá ogun ẹ̀sìn tàbí ogun èdè níbí kò ní rí i. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìdílé ọba tí a lé kúrò lórí ìtẹ́, àti àwọn onílẹ̀ tó gbà wọ́n lálejò. Àwọn onílẹ̀ yìí ni ìtàn ń fò jù. Lápá ọ̀hún, àwọn akónilẹ́rú láti ìhà Kontagora ń dà wọ́n láàmú. Lápá ìhín, ọba tuntun wà tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Orí àpáta ni ọ̀pọ̀ nínú wọn gbé ilé wọn lọ. Akọ̀wé kan kò bá wọn kọ tiwọn, gẹ́gẹ́ bí ẹnì kan kò ti gbọ́ ohùn àwọn Cherusci àyàfi láti ẹnu Róòmù.

Ní 3 Oṣù Kejì, 1976, ìjọba ológun fi òfin dá olú-ìlú tuntun sílẹ̀, ó mú orúkọ Abuja, ìlú Abu Ja sì di Suleja. Galadimawa ń gbé oyè ààfin nínú orúkọ rẹ̀, oyè tí Haúsá gbà láti Borno. Ilẹ̀ Gbagyi ni, orúkọ Haúsá ló ń jẹ́, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń pín in. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ààlà ń ṣe sí orúkọ kò nílò àtirìn jìnnà.

Ta ló sọ wá ní ohun tí a ń jẹ́?

Àwọn tí Arminius kó jọ kò pe ara wọn ní ọmọ Jámánì. Cherusci ni wọ́n, Bructeri, Marsi, Chatti. Germani ni Róòmù ń pe gbogbo wọn pọ̀ láti òdìkejì odò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tiwa. Àwọn Haúsá àti àwọn tó ń kọ Lárúbáwá ní àríwá ló ń pe Ọ̀yọ́ ní Yariba. Ẹ̀gbá kì í jẹ́ ẹ, Ìjẹ̀ṣà kì í jẹ́ ẹ. Ọwọ́ àwọn míṣọ́nnárì àti Samuel Ajayi Crowther, tó tẹ ìwé èdè Yorùbá jáde ní 1843, ni orúkọ náà gbà tó fi kárí. Orúkọ méjèèjì, láti òdìkejì ààlà ni wọ́n ti wá. A kò sọ èyí láti tẹ́ńbẹ́lú orúkọ tí àwa fúnra wa ń fi yangàn. Owó tí a bá ná ní ọjà owó ni, ẹnikẹ́ni tí ì báà rọ ọ́.

Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá gbàgbé ibi tí orúkọ ti wá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn Jámánì gbé Arminius dìde, wọ́n sọ ọ́ ní Hermann, wọ́n sì gbé ère ńlá rẹ̀ sórí òkè lẹ́bàá Detmold ní 1875. Ó na idà sókè, ó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, níbi tí Faransé wà, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹ́gun. Flavus kò sí níbẹ̀. Àwọn ìbátan tó pa á kò sí níbẹ̀. Ìwé kékeré tí Tacitus kọ nípa àwọn ẹ̀yà wọ̀nyí, ẹgbẹ́ Nasí sọ ọ́ di ẹ̀rí pé ẹ̀jẹ̀ wọn kò ní àbùlà. Ní 1943, Himmler rán ọmọ ogun lọ wá àfọwọ́kọ rẹ̀ àtijọ́ ní Ítálì. Gbogbo ayé mọ ohun tí èrò nípa ẹ̀jẹ̀ tí kò ní àbùlà fà. Àwọn olùkọ́ ìtàn ló kọ́kọ́ kọ́ àwọn ọmọdé ní Hermann láìsí Flavus.

Nínú kíláàsì

Àwa ti ń dán àwọn nǹkan kan wò pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. A máa ń kọ́kọ́ fún wọn ní orúkọ àwọn mẹ́rin tí Ìbàdàn mú ní Òṣogbo, láìsọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wọn, a ó ní kí wọ́n dájọ́. Ọ̀pọ̀ ni ó máa ń tú Ajíkóbì sílẹ̀ nítorí pé ọmọ wa ni, tí wọ́n sì máa ń pa ọmọ Ẹ́míà. Lẹ́yìn náà ni a ó ka ohun tí Johnson kọ. Ariwo tó máa ń sọ ní kíláàsì lẹ́yìn èyí ju ohun tí wákàtí méjì ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lè mú wá. Ẹni tó dá ẹjọ́ rẹ̀ lórí ẹ̀yà yóò rí i pé àwọn tó wà níbẹ̀ kò dá a bẹ́ẹ̀, yóò sì fẹ́ mọ ìdí.

Iṣẹ́ kejì ni ti àwòrán ilẹ̀. A ní kí wọ́n ya ààlà 1840 láti Ìlọrin sọ̀ kalẹ̀, kí wọ́n sì gbé ààlà ìpínlẹ̀ òde òní lé e. Ọ̀fà bọ́ sí Kwara, Ìkìrun bọ́ sí Ọ̀ṣun, ìlà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fà lẹ́yìn tí Royal Niger Company ṣẹ́gun Ìlọrin ní 1897 sì sún mọ́ ibi tí àwọn ọmọ ogun ti wo ara wọn lójú. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá láti Ọ̀fà kì í nílò kí a ṣàlàyé púpọ̀ fún un. Èyí tó ti Suleja wá la máa ń fún ní apá Zuba, kí ó béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà Gbagyi àti Koro nípa àpáta tí àwọn baba wọn sá gùn, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ ní èdè wọn kí ó tó túmọ̀ rẹ̀. Àwọn àkọsílẹ̀ náà ṣì kéré, a sì ń fi wọ́n pamọ́ sínú fáìlì. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Niger, Kogí àti Násáráwá lè bá wa fi tiwọn kún un, nítorí àwọn Gbagyi tí ààlà náà lé gun òkè wà ní gbogbo apá wọ̀nyẹn, àwọn tó ṣì lè dárúkọ àpáta kọ̀ọ̀kan sì ti ń dín kù.